Gáàsì Éèsì Kì Í Tán Lásán

Ẹ̀yin ará wa ní Gagi, àwọn àgbà ní ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó wà lápò ṣòkòtò. Àwa ti dé Sókótó, síbẹ̀ a kò tíì wo àpò wa.

Lóṣù Ìgbé, nígbà tí ooru ń ju ìwọ̀n 40 Celsius lọ, ẹni tí ó gbé ọmọdé àti arúgbó sínú ọkọ̀ kò lè fi éèsì ṣeré. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa ni ó ń ra gáàsì lóṣooṣù. Gáàsì yìí kì í jó tán bí epo pẹtiróòlù. Yíyí ni ó ń yí ká inú páìpù. Bí ó bá tètè dínkù, ó ń jò ni. Ẹni tí ó kàn ń rọ òmíràn sí i ń bu omi sínú ajẹ̀rẹ̀.

Èrò mi ni pé kí ẹnikẹ́ni má sanwó gáàsì kí a tó fi ojú ibi tí ó ti ń jò hàn án. Nígbà tí gáàsì díẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀, kí a ta omi ọṣẹ sí oríkèé páìpù. Ibi tí ó ń jò yóò máa hó. Ibi tí òróró àti eruku bá lẹ̀ pọ̀ sí, ẹ fura sí i. Lọ́pọ̀ ìgbà, rọ́bà kékeré tí kò wọ́n ni ó gbó. Lẹ́yìn àtúnṣe, kí a fa afẹ́fẹ́ inú páìpù jáde kí a tó rọ gáàsì.

Ẹ má gba gáàsì ìdáná nítorí ẹ̀dínwó. Iná ń bẹ nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́ inú ẹgbẹ́, orúkọ gbogbo wa wà lọ́wọ́ yín nílùú onílùú. Ẹ wá ihò kí ẹ tó gbowó.