Ilédì Tí À Ń Wò Níran, Tó Ń Wó

Àwọn àgbà ní, àgbà kò sí, ìlú bàjẹ́. Baálé kú, ilé dahoro. Òwe náà fi ènìyàn ṣáájú, ó fi ilé tẹ̀lé e: ìgbà tí àgbà bá lọ tán ni ilé ń di ahoro. Ṣùgbọ́n bí a bá wo ilédì àwọn Ògbóni ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá lónìí, a ó rí i pé ọ̀ràn tirẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Olúwo wà, Apènà wà, Erelú wà, oyè kò pa run. Ilé tí àwọn baba wọn ti ń jókòó gbèrò ni kò rí olùtọ́jú. Páànù orí rẹ̀ ti dógùn-ún, òjò ń wọ inú ògiri, koríko ti gba àgbàlá. Èrò tèmi ni pé ilédì kì í ṣe ohun ìní àwọn ọmọ awo nìkan. Ilé ìgbìmọ̀ ìlú ni, ilé ẹjọ́ ìlú sì ni, ó sì ti ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì kí òyìnbó tó gbé kóòtù rẹ̀ dé. Ojúṣe gbogbo ìlú ni láti má jẹ́ kó wó. Ojúṣe àwọn tó ni ín sì ni láti ṣí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ kí ìlú lè mọ ohun tó ń tọ́jú.

Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ló yẹ ká fi bẹ̀rẹ̀. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921, fi ìyàtọ̀ hàn láàrin Ọ̀yọ́ àti àwọn Ẹ̀gbá òun Ìjẹ̀bú. Ní Ọ̀yọ́, ọba àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ ló ń dá ẹjọ́ ìlú, ọ̀ràn ẹ̀sìn ló sì pọ̀ jù nínú iṣẹ́ Ògbóni. Ní Ẹ̀gbá àti ní Ìjẹ̀bú, níbi tí àwọn Ìjẹ̀bú ti ń pè é ní Òṣùgbó, ọwọ́ wọn gan-an ni àṣẹ ìlú wà. Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀dó sí abẹ́ àpáta Olúmọ ní Abẹ́òkúta ní 1830, àwọn ìlú tí ogun fọ́ tó kóra jọ síbẹ̀ kò da Ògbóni wọn pọ̀ di ọ̀kan. Olúkúlùkù gbé tirẹ̀ dání wá. Èyí ló fi yé wa pé ilédì kì í ṣe ojúbọ kan tí a kàn kọ́ sí ìdí igi. Ìlú tí kò bá ní i, kò tíì di ìlú tó lè dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́.

Ẹ wo edan, àmì àṣẹ àwọn Ògbóni, kí ẹ sì rí bí òfin ṣe ń sọ̀rọ̀ láìsí ìwé. Idẹ ni, akọ kan, abo kan, ẹ̀wọ̀n so wọ́n pọ̀ lórí. Bí ìjà bá le tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ fi kan ilẹ̀, ọ̀ràn náà ti kúrò láàrin ẹni méjì, ó ti di ẹ̀ṣẹ̀ sí Ilẹ̀ fúnra rẹ̀, Apènà a sì rán edan lọ. Ibi tí edan bá ti dúró, ìjà parí, ilédì ló kù tí gbogbo wọn ń lọ. Ẹni tó bá dalẹ̀, á bá ilẹ̀ lọ: àwa ń pa á lówe lónìí, àwọn tó mulẹ̀ mọ̀ ọ́n sí òfin. Wọ́n tún máa ń wí pé Ògbóni méjì, ó di ẹ̀ta. Ilẹ̀ ni ẹnìkẹta, òun ni ẹlẹ́rìí tí ẹnikẹ́ni kò lè fún ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Bí akọ àti abo ṣe wà lára edan náà ni Erelú ṣe wà nínú ìgbìmọ̀, nítorí ìlú tí ọkùnrin nìkan bá ń ṣe ìdájọ́ rẹ̀ kò pé. Ó dá mi lójú pé ó yẹ kí ọmọ ilé ìwé tó ń kọ́ nípa ìjọba àjùmọ̀ṣe mọ ètò yìí kó tó mọ ti Gíríìsì àtijọ́.

Kí ló wá dé tí irú ilé bẹ́ẹ̀ fi di ahoro? Ọ̀pọ̀ ènìyàn á tètè dáhùn pé ẹ̀sìn tuntun ló lé àwọn ènìyàn kúrò níbẹ̀. Òótọ́ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó kọ́kọ́ pa ilédì ni pé wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹjọ́ tó ń wọlé, owó ìtanràn tó ń tẹ̀lé e, ọlá tó wà nínú pé ọba kò lè dá nǹkan ṣe láìgbọ́ tibẹ̀, àwọn ló ń mú kí ọwọ́ pọ̀ lórí àtúnṣe ilé náà. Ní 1914 ìjọba òyìnbó fòpin sí òmìnira Ẹ̀gbá, àwọn kóòtù tí wọ́n dá sílẹ̀ kò sì bá ilédì pín àṣẹ. Síbẹ̀ agbára náà kò kú lọ́gán. Nígbà tí àwọn obìnrin Abẹ́òkúta dìde sí owó orí, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì ń ṣáájú wọn, tí ọ̀rọ̀ náà sì dójú ẹ̀ ní 1948, àwọn Ògbóni kẹ̀yìn sí Aláké Adémọ́lá Kejì, ọba sì fi ìlú sílẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1949 ó kọ oyè sílẹ̀ títí wọ́n fi tún pè é padà. Òyìnbó ti gba kóòtù lọ́wọ́ wọn fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ṣì wúwo. Ilé wọn ni kò wúwo mọ́.

Ọdún 1914 yẹn kan náà ni àlùfáà Áńgílíkà kan ní Èkó, T.A.J. Ògúnbíyì, dá ẹgbẹ́ Ògbóni ti Kristẹni sílẹ̀, èyí tó di Reformed Ogboni Fraternity nígbà tó yá, nígbà tí wọ́n ṣí i fún àwọn tí kì í ṣe Kristẹni. Àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó ti rí bí àwọn Freemason, ẹgbẹ́ ìmùlẹ̀ àwọn òyìnbó, ṣe ń ṣe, wọ́n sì fẹ́ ẹgbẹ́ tó ní gbòǹgbò nílẹ̀ wọn. Ẹgbẹ́ náà tàn káàkiri, wọ́n ṣì ń pe ibi ìpàdé wọn ní ilédì, ṣùgbọ́n ilé bíríkì àti sìmẹ́ńtì ló pọ̀ jù níbẹ̀. Èmi kò bá wọn jà. Ohun tí mo ń sọ ni pé orúkọ kọjá sínú ilé tuntun, ilé àtijọ́ tó ni orúkọ náà kò rí ẹni bá a ná kọ́bọ̀.

Àwọn kan á ní, kí ni ká fi ilé awo ṣe? Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1979 àti ti 1999 kọ ẹgbẹ́ òkùnkùn, ó sì tọ́ kí ìjọba bínú sí ẹgbẹ́ tó bá ń gbè sẹ́yìn ọmọ ẹgbẹ́ láìka òtítọ́ sí. Ṣùgbọ́n ilé kì í bura, ògiri kì í mulẹ̀. Ọdún 1979 yẹn náà ni ìjọba ṣe òfin kẹtàdínlọ́gọ́rin, èyí tó dá àjọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti ohun ìrántí sílẹ̀; ẹni tó bá ka òfin méjèèjì pọ̀ yóò rí i pé a lè ṣọ́ ohun tí àwọn ènìyàn ń ṣe, ká sì tún pa ilé tí wọ́n ti ń ṣe é mọ́. Àwọn mìíràn á rántí ìdájọ́ ikú àti ẹ̀rù tó wà nídìí ilé wọ̀nyí. Wọn kò purọ́. Àṣẹ tó lè gba ẹ̀mí kì í ṣàì ṣi ẹsẹ̀ gbé. Àmọ́ orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ọgbà ẹ̀wọ̀n Broad Street ní Èkó, níbi tí òyìnbó ti ń ti àwọn ènìyàn wa mọ́lé, kò di ilẹ̀ títà. Ó di Freedom Park ní 2010, àwọn ọmọdé ń ṣeré níbẹ̀, wọ́n sì ń ka ohun tó ṣẹlẹ̀ lára ògiri. Bí a bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ilé tí àjèjì ti ń fìyà jẹ wá, kí ló dé tí a kò lè ṣe é fún ilé tí àwa fúnra wa ti ń dá ara wa lẹ́jọ́, yálà a dá a dáadáa tàbí a kò dá a dáadáa?

Àtakò tó le jù, ẹnu àwọn ọmọ awo gan-an ló ti ń wá. Wọ́n ní bí ojú bá rí, ẹnu a dákẹ́. Bí wọ́n bá gba àlejò wọlé, awo ti tú. Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n àwọn tó kọ́ ilédì ti dáhùn rẹ̀ tipẹ́, nínú bí wọ́n ṣe kọ́ ọ: ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà, àgbàlá wà, yàrá inú sì wà tí ẹni tí kò mulẹ̀ kì í dé. Awo wà nínú yàrá àti ní àyà àwọn àgbà, kò sí lára òpó àti ìlẹ̀kùn tí gbẹ́nàgbẹ́nà fín kí ojú lè rí i. Ní Ọ̀ṣogbo, Susanne Wenger tí a ń pè ní Àdùnní, òun àti àwọn oníṣẹ́ ọnà bí Adébísí Àkànjí, kọ́ ilédì Òǹtótó sínú igbó Ọ̀ṣun. Igbó náà wọ ìwé ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1965, UNESCO sì kà á mọ́ ogún àgbáyé ní 2005. Àlejò ń wá láti gbogbo ayé, wọ́n ń wo ilé náà lóde, ìmùlẹ̀ kò sì tú. Ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, àwọn Freemason tí ayé ń fura sí jù lọ ń mú àlejò kiri gbọ̀ngàn ńlá wọn tí wọ́n parí ní 1933. Ní Bàhíà, Ilé Àṣẹ Ìyá Nasò Oká, tí àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú fìdí rẹ̀ múlẹ̀, ni ilé òrìṣà àkọ́kọ́ tí ìjọba Bràsíìlì kà mọ́ ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, ní 1984, wọ́n sì ń ṣorò níbẹ̀ títí dòní.

Kí àwọn tó rò pé àṣírí nìkan tó láti gbé ẹgbẹ́ ró wo Amẹ́ríkà. Ní 1959 àwọn Freemason ibẹ̀ ju mílíọ̀nù 4 lọ; lónìí wọn kò tó mílíọ̀nù 1. Ilé ńláńlá tí wọ́n kọ́ láàrin ìgboro ti di títà lọ́pọ̀ ìlú. Èyí tó dúró dáadáa lára wọn ni èyí tí ìlú mọ̀ pé tòun ni. Ilé àwọn Freemason aláwọ̀ dúdú ti Prince Hall ní òpópónà Auburn ní Atlanta ni ẹgbẹ́ Martin Luther King, SCLC, fi ṣe ọ́fíìsì, nítorí náà ni ìjọba fi kà á mọ́ ọgbà ìrántí King ní 2018. Ohun tí ilé náà ṣe fún àwọn tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ ló gbà á là.

Owó ni àwọn ènìyàn máa ń fi parí ọ̀rọ̀ yìí, àmọ́ iṣẹ́ tó kù kò tó bí a ṣe ń bẹ̀rù rẹ̀. Ilé alámọ̀ kì í kú ní ọjọ́ kan. Òkè ògiri ni òjò ti ń wọ̀ ọ́ nígbà tí òrùlé bá jò, omi a sọ̀ kalẹ̀ sínú amọ̀, ògiri a wú, a sì là. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ a wá fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, omi tó ti wọlé kò sì ní rí ọ̀nà jáde mọ́; amọ̀ inú a di ìyẹ̀pẹ̀ lẹ́yìn sìmẹ́ńtì tó ń dán. Lọ́jọ́ tó bá wó, edan àti ìlù àgbá a bá ọjà lọ, irú èyí tó wà nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ilẹ̀ òkèèrè lónìí láìní ilé, láìní ohùn. Bí ìgbìmọ̀ ìlú kan àti Olúwo rẹ̀ bá fohùn ṣọ̀kan lọ́dún yìí, kí wọ́n má tíì ronú àwòrán tàbí iná mànàmáná. Kí wọ́n pe àwọn àgbà mọlémọlé tó ṣì mọ bí a ṣe ń po amọ̀, kí wọ́n wọn ilé náà, kí wọ́n ya ìlẹ̀kùn àti òpó rẹ̀ sínú ìwé, kí wọ́n sì bò ó lórí kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé.