ÌṢIRÒ ÌJÌNLẸ̀ KÌ Í ṢE ERÉ ALÁÌNÍṢẸ́

Ẹ̀yin ọmọ Oòduà, ọ̀rọ̀ kan wà tí a kò gbọdọ̀ fi sábẹ́ ahọ́n sọ. Nígbàkígbà tí a bá fẹ́ pín owó fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga wa, àwọn kan a máa béèrè pé: “Kí ni èrè áljẹ́brà? Ṣé a óò fi jẹ ẹ̀bà ni?” Ìbéèrè náà dùn létí, ṣùgbọ́n àṣìṣe ńlá ni.

Ẹ wo obìnrin tí ń tajà ní Akẹ̀sán ní ìlú Ọ̀yọ́, tàbí ẹni tí ń ta iṣu ní Ògbómọ̀ṣọ́. Orí fóònù ni oníbàárà ti ń fi owó ránṣẹ́ sí wọn lónìí. Kí ni kò jẹ́ kí olè já a gbà lójú ọ̀nà? Áljẹ́brà wà lára ohun tí ń ṣọ́ ọ. Bí a bá sọ 89 di púpọ̀ ní ọ̀nà 97, a óò rí 8,633. Ọmọ ilé ìwé lè ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ gbé 8,633 fún àgbàlagbà pé kí ó wá iye méjì tí ó bí i, yóò làágùn. Ní ọdún 1977, Rivest, Shamir àti Adleman ní Amẹ́ríkà fi òye yìí ṣe àgádágodo fún ọ̀rọ̀ àṣírí: ẹnikẹ́ni lè tì í, ẹni tí ó ni kọ́kọ́rọ́ nìkan ni ó lè ṣí i. Iye tí wọ́n ń lò gùn ju èyí lọ fíìfíì. Lórí ìṣirò tí Euler ti ṣe ní ohun tí ó ju 200 ọdún lọ ṣáájú wọn ni wọ́n kọ́ ọ lé. Bí wọ́n bá ti bi Euler léèrè èrè nígbà náà, kí ni ìbá fi hàn?

Kí ẹnikẹ́ni má sì tàn yín pé ìmọ̀ yìí kì í ṣe tiwa. Ẹni tí ó bá pe 45 ní márùndínláàádọ́ta ti ka ogún mẹ́ta, ó ti yọ mẹ́wàá, ó sì ti yọ márùn-ún. Àlùfáà Samuel Johnson, tí ó ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yọ́, ṣàlàyé òǹkà wa nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921. Ní ayé tiwa, Ọ̀jọ̀gbọ́n A. R. T. Solarin ṣe ìwádìí áljẹ́brà ní Ilé-Ifẹ̀. Ọpọlọ kò wọ́n wa rárá.

Kí ni a wá fi ọpọlọ náà ṣe? Ní 1990 ni Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá yunifásítì tí a mọ̀ sí LAUTECH sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí a yọ Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́ ní 1991, ìpínlẹ̀ méjèèjì jọ ni ín; àríyànjiyàn lórí owó sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa fún ọ̀pọ̀ oṣù ní 2016 àti 2017. Láti 2020, Ọ̀yọ́ nìkan ni ó ni ín. Àwáwí ti tán!

Onímọ̀ áljẹ́brà kò béèrè ẹ̀rọ olówó ńlá. Ìwé, iná, íntánẹ́ẹ̀tì, owó oṣù tí kì í falẹ̀, àti àkókò láti ronú: kò ju èyí lọ. Kí ìjọba ya owó sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún ìwádìí ìṣirò ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kí ó fi sìkọ́láṣíìpù dá ọmọ tí orí rẹ̀ pé dúró, kí ó má baà bá ti òkè òkun lọ. Kí àwọn onímọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ àti ti Yunifásítì Ajayi Crowther ní Ọ̀yọ́ sì jọ máa jókòó pọ̀.

Ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣoni. A gba òmìnira ní 1960. Ṣùgbọ́n bí àwa fúnra wa kò bá mọ bí a ti í rọ kọ́kọ́rọ́, àlejò ni yóò máa ṣí ilẹ̀kùn ilé wa fún wa.