Frank Bruno àti Orúkọ Tí A Ń Pe Alárùn Ọpọlọ

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1995, Frank Bruno, abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, borí Oliver McCall ní pápá Wembley, ó sì gba ìgbànú àgbáyé WBC. Ìgbà kẹrin tí ó du irú oyè bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Ní oṣù kẹta ọdún 1996, Mike Tyson gba ìgbànú náà; àwọn oníṣègùn sì kìlọ̀ fún Bruno pé bí ó bá tún jà, ojú rẹ̀ lè fọ́.

Iṣẹ́ lọ, ìgbéyàwó tú. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2003, wọ́n fi agbára òfin gbé e lọ sí ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ. Ìwé ìròyìn The Sun kọ ọ́ gàdàgbà sójú ewé àkọ́kọ́ bí ẹni pé wèrè ni wọ́n tì mọ́lé. Ìbínú àwọn ènìyàn ni ó mú kí wọ́n yí àkọlé náà padà. Àrùn bipolar ni ó ń ṣe é.

Ǹjẹ́ àwa lè bá wọn wí? Aró, ilé ìwòsàn tí ó ti ń tọ́jú aláìsàn ní Abẹ́òkúta láti ọdún 1954, ti di èébú lẹ́nu wa. Nítorí èébú yìí ni ìdílé mìíràn fi ń fi aláìsàn wọn pamọ́ títí ọ̀ràn yóò fi burú. Ìjọba ti fi òfin tuntun rọ́pò òfin àwọn wèrè ti ọdún 1958 ní oṣù kìíní ọdún 2023. Ẹnu wa ni ó kù.

Bí ẹni yín kò bá sùn fún ọjọ́ mélòó kan, tí ó ń sọ̀rọ̀ láìdákẹ́, tí ó sì ń náwó ní ìnákúnàá, ẹ tètè mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà.