Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀fà Ju Èje Lọ

Ní ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 2023, àwọn ẹ̀ṣọ́ ààrẹ orílẹ̀-èdè Niger há Ààrẹ Mohamed Bazoum mọ́lé ní Niamey. Ọjọ́ 28 ni ọ̀gá wọn, Ọ̀gágun Abdourahamane Tchiani, bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n pé òun ni olórí ìjọba. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 30, àwọn olórí ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ti péjọ sí Àbújá lábẹ́ Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú tó jẹ́ alága wọn nígbà náà. Wọ́n ti ààlà, wọ́n sì fún àwọn ológun náà ní ọ̀sẹ̀ kan péré kí wọ́n dá ìjọba padà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn lè fi ipá gbà á.

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi di ti gbogbo ẹni tó ní fóònù lọ́wọ́. Ẹ mọ irú fídíò ọkọ̀ ogun tí kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n ti yà á, àti irú fọ́nrán ohùn tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ kì í dárúkọ ara rẹ̀. Àwọn kan ní kí wọ́n lọ fọ́ Niamey túútúú. Àwọn mìíràn ní akọni ni Tchiani. Ẹgbẹ́ méjèèjì ti yan ẹni tí wọ́n máa gbè kí wọ́n tó béèrè bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ìròyìn ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀: ó ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá. Ohun tó fa tàná, ọwọ́ àwọn tó ti fi ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún wádìí rẹ̀ ló wà. Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ Niger yìí wò ó.

Ààlà Nàìjíríà àti Niger gùn tó bíi kìlómítà 1,600, ìpínlẹ̀ méje ló sì fara kàn án lọ́dọ̀ wa, láti Kebbi títí dé Borno. Àwọn onímọ̀ ìtàn ló lè sọ ẹni tó fà á. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1890, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fohùn ṣọ̀kan lórí ìlà kan láti ìlú Say létí Odò Ọya dé Barruwa létí adágún Chad. Apá òkè di ti Faransé, apá ìsàlẹ̀ di ti Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n tún un tò ní 1898, 1904 àti 1906, ṣùgbọ́n kò sí ìgbà kankan tí wọ́n bi àwọn Haúsá tó ń gbé ibẹ̀ léèrè. Bẹ́ẹ̀, nígbà tí jíhàádì Usman dan Fodio gba Katsina ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ọmọ ọba tó sá níbẹ̀ ló wá tẹ ìjọba tuntun dó sí Maradi. Lónìí, Maradi wà ní Niger, Katsina wà ní Nàìjíríà. Ìdí nìyẹn tí àwọn sẹ́nétọ̀ láti òkè Ọya fi figbe ta nígbà tí ọ̀rọ̀ ogun dé, tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà sì ní kí Ààrẹ wá ọ̀nà ìṣèlú gbà yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí kò mọ̀tàn á ní ojo ni wọ́n, tàbí pé wọ́n ti gba rìbá.

Bí èyí bá ṣì dà bí ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn létí Yorùbá, Ọ̀jọ̀gbọ́n Anthony Aṣíwájú ti Yunifásítì Èkó, ọmọ Ìmẹ̀kọ, ti fi ìwé hàn wá pé ọ̀rọ̀ tiwa ni. Ìwé rẹ̀ lórí ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá lábẹ́ òyìnbó, tó jáde ní 1976, bẹ̀rẹ̀ láti 1889, ọdún tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé pín ilẹ̀ Kétu. Ààfin Alákétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí iṣẹ́ tipátipá àti fífi agídí múni wọ iṣẹ́ ológun pọ̀ lápọ̀jù lọ́dọ̀ Faransé, ńṣe ni àwọn èèyàn ń di ẹrù lóru, wọ́n ń sọdá sọ́dọ̀ ìbátan wọn. Ẹ lọ bi ará Ìmẹ̀kọ bí inú rẹ̀ á ṣe rí tí wọ́n bá ní kí ọmọ ogun Nàìjíríà lọ kọ lu Kétu. Ohun tó bá fi dá yín lóhùn, òun náà ni ti ará Katsina.

Ọ̀rọ̀ iná tún wà ńbẹ̀. Lára ìyà tí wọ́n fi jẹ Niger, Nàìjíríà já iná tí à ń tà fún wọn, bẹ́ẹ̀ ọ̀dọ̀ wa ni nǹkan bí ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún iná wọn ti ń wá nígbà náà. Ọ̀pọ̀ èèyàn pàtẹ́wọ́. Àwọn onímọ̀ nípa omi kò pàtẹ́wọ́, nítorí wọ́n mọ ọ̀nà tí odò gbà. Ilẹ̀ Guinea ni Odò Ọya ti ṣẹ̀ wá, ó gba Mali, ó gba Niger, kó tó wọ ọ̀dọ̀ wa, tó sì ń yí ẹ̀rọ ìsédò Kàǹjì tí wọ́n ṣí ní 1969. Ìsédò tiwọn ni Niger ń kọ́ lọ́wọ́ ní Kandadji. Tí a bá ń tan iná fún ẹni tó wà lókè odò, ìdí wà tí kò fi ní kánjú dí i. Tí a bá já a, kí ni ìdí náà?

Ọjà náà kò gbẹ́yìn. Láti Kútọnu ní Benin ni ọ̀pọ̀ ẹrù Niger ti ń gòkè nígbà náà, afárá Malanville ni wọ́n sì ń gbà kọjá. Bí wọ́n ṣe ti ààlà, àwọn tírélà tò lọ súà síbẹ̀. Awakọ̀, alábàárù àti ìyá tó ń se oúnjẹ fún wọn ló kọ́kọ́ jẹ ìyà tí wọ́n ní kí ọ̀gágun jẹ. Màlúù, àgbò Iléyá àti àlùbọ́sà ń ti ilẹ̀ Niger wọ ọjà wa náà.

Àwọn tó sì ní uranium nìkan ló fa gbogbo rẹ̀ ńkọ́? Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn: ọdún 1971 ni ilé-iṣẹ́ Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í wà á jáde ní Arlit, inú ọ̀pọ̀ ará Niger kò sì dùn sí ohun tó kù sílé. Ṣùgbọ́n Niger kò pèsè tó ìdá kan nínú mẹ́wàá èyí tí ayé ń wà. Kazakhstan ló kó èyí tó pọ̀ jù. Yàtọ̀ sí èyí, ológun ti gbàjọba níbẹ̀ ní 1974, 1996, 1999 àti 2010. Onímọ̀ tó bá to gbogbo èyí sílẹ̀ ò ní lè fún yín ní ẹlẹ́bi kan ṣoṣo, ìyẹn ni kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tà bí ti aláríyànjiyàn.

Ogun kò wáyé. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, ECOWAS mú púpọ̀ nínú ìjìyà náà kúrò, ṣùgbọ́n Niger, Mali àti Burkina Faso ti kéde pé àwọn ń lọ. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, wọ́n jáde pátápátá.

Kí wá ni ṣíṣe? Kì í ṣe pé ká gba ohun gbogbo tí ọ̀jọ̀gbọ́n bá sọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n nípa eyín kì í ṣe onímọ̀ nípa ogun Rọ́ṣíà. Ẹ béèrè ohun tí ó kà, bóyá ó ti dé ibẹ̀ rí, bóyá ó gbọ́ èdè wọn, àti ẹni tó ń sanwó fún un. Ẹ ya ohun tó mọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó ń méfò: onímọ̀ ìtàn mọ 1890, kò mọ ọ̀túnla. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹ gbọ́ ti ẹni méjì tí ẹnu wọn kò kò. Irú àwọn onímọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí nípa ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ti wà l'Ékòó láti 1961, BBC Yorùbá ti ń sọ̀rọ̀ láti 2018, àwọn rédíò wa sì máa ń pe olùkọ́ Yunifásítì wá. Tí wọ́n bá ṣí fóònù sílẹ̀, ẹ má bi wọ́n pé ta ló máa borí. Ẹ bi wọ́n pé báwo ló ṣe bẹ̀rẹ̀, ta ló sì máa jìyà rẹ̀.

Tí ẹ̀gbọ́n tàbí bàbá yín bá fi fídíò ogun sí gúrúùpù ẹbí, ẹ má dójú tì wọ́n ní gbangba. Ẹ kọ̀wé sí àwọn nìkan: "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ mọ ibi tí wọ́n ti ya fídíò yìí, àti ọjọ́ tí wọ́n yà á?" Bí wọn kò bá mọ̀, ẹ̀yin ẹ má fi ránṣẹ́ síbòmíràn. Kí ẹ tó máa pariwo ogun, ẹ rántí pé aládùúgbò wa ni Haúsá tó ń ta àlùbọ́sà ní Bódìjà àti Mile 12, ó sì lè ní ẹ̀gbọ́n ní Maradi. Ìròyìn mìíràn máa dé lọ́la. Ẹnikẹ́ni kò fipá mú wa pé ká ti ní ẹni tí à ń gbè kó tó di ọ̀sán.