Ẹ Jẹ́ Kí Ògiri Wa Gbèjà Ẹyẹ

Agbe, àlùkò, lékeléke, odídẹrẹ́: a ń dárúkọ wọn nínú ìwúre, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ wa kò rí wọn rí. Ní ọdún 2016, àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé fẹnu kò láti fòfin de òwò odídẹrẹ́ inú igbó, nítorí ìdẹkùn àti igi gígé ń run wọ́n.

Òṣogbo ti fi hàn wá pé iṣẹ́ ọnà lè dáàbò bo igbó tí ẹyẹ ń gbé. Susanne Wenger, tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú mọ ère sínú Igbó Ọ̀ṣun, èèwọ̀ ọdẹ ṣíṣe àti igi gígé sì tún fẹsẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀. Ní 2005, UNESCO ka igbó hẹ́kítà 75 náà mọ́ ogún àgbáyé.

A rọ àwọn ìjọba ìbílẹ̀, olùkọ́ àti ọ̀dọ́ ayàwòrán: ẹ ya ẹyẹ ilẹ̀ wa sára ògiri ilé ẹ̀kọ́ àti ọjà, kí ẹ sì kọ orúkọ wọn sábẹ́ àwòrán náà. Àmọ́ àwòrán nìkan kò tó. Inú ihò igi ńlá ni odídẹrẹ́ ń yé sí. Nítorí náà, kí ìlú tó bá ya ẹyẹ ya igbó sọ́tọ̀ fún un pẹ̀lú, kí ó sì fi òfin ṣọ́ ọ.