Ẹnu Ọ̀nà Tiwa Ni Kí A Gbà Wọ Inú Èdè Faransé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà. Òwe yìí ni ó máa ń sọ sí mi lọ́kàn nígbàkúùgbà tí mo bá gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń pariwo pé íntánẹ́ẹ̀tì ti sọ ẹ̀kọ́ èdè Faransé di ọ̀fẹ́, àti pé ọmọ Òde Ugbò tí kò bá gbọ́ Faransé lóde òní, ọ̀lẹ ni. Irọ́ méjì ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Èkíní ni pé ọ̀fẹ́ náà kì í ṣe ọ̀fẹ́ tán. Èkejì, tí ó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, ni pé ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n ṣí sílẹ̀ fún ọmọ náà, ti èdè Gẹ̀ẹ́sì sì ni. Ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò níwájú ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ nìyí: èdè Yorùbá tí ó wà lẹ́nu ọmọ náà kì í ṣe ìdènà, òun gan-an ni ọkọ̀ tí yóò gbé e dé èbúté.

Kí ni ọmọ Ìlàjẹ fẹ́ fi Faransé ṣe? Ẹni tí ó bá bèèrè ìbéèrè yìí kò mọ iṣẹ́ omi. Ó pẹ́ tí àwọn apẹja wa ti ń bá etíkun lọ sí ilẹ̀ Olómìnira Benin ní ìwọ̀-oòrùn àti sí ilẹ̀ Kamẹrúùnù ní ìlà-oòrùn. Ní Mákòókò ní ìlú Èkó, Ìlàjẹ àti Ègùn ni wọ́n jọ ń gbé lórí omi. Púpọ̀ nínú àwọn Ègùn wọ̀nyí ni wọ́n ní ẹbí ní Benin, àwọn ilé-ìwé kan sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ń fi Faransé kọ́ ọmọ. Ẹ wo àwòrán ilẹ̀ Áfíríkà: Benin, Niger, Chad àti Kamẹrúùnù ni wọ́n yí Nàìjíríà ká lórí ilẹ̀, kò sì sí ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí èdè Faransé kò sí ní ọ́fíìsì àti ilé-ìwé rẹ̀. Apẹja tí kò lè ka ìwé tí òṣìṣẹ́ ìjọba fi lé e lọ́wọ́ ní èbúté ẹlòmíràn, abẹ́ ògbufọ̀ ni ó wà. Ògbufọ̀ a sì máa gba owó, nígbà mìíràn a máa purọ́.

Ìjọba pàápàá mọ èyí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1996, Ọ̀gágun Sani Abacha kéde pé Faransé yóò di èdè ìjọba kejì ní Nàìjíríà. Ìwé Ìlànà Ẹ̀kọ́ ti Orílẹ̀-èdè, àtẹ̀jáde ọdún 2004, sọ ọ́ di dandan ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ní ìpele kékeré ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdírì. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí Ìwé Òfin ọdún 1999 wò. Abala 55 dárúkọ Gẹ̀ẹ́sì, Hausa, Ìgbò àti Yorùbá fún iṣẹ́ Ilé Aṣòfin Àpapọ̀; kò dárúkọ Faransé. Ìkéde wà, òfin kò tì í lẹ́yìn. Dandan wà lórí ìwé ọdún 2004 náà, olùkọ́ ṣọ̀wọ́n nínú kíláàsì. Abúlé Èdè Faransé tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Àgbádárìgì ní ọdún 1991 ń ṣe gudugudu méje fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì àti ti kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni, ṣùgbọ́n Àgbádárìgì jìnnà sí ẹsẹ̀ odò Ugbò.

Nígbà tí a kò rí olùkọ́ rán, ni a wá ń sọ fún ọmọ pé kí ó lọ kọ́ ara rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ má ṣì mí gbọ́ o: ohun rere wà níbẹ̀. Rédíò ilẹ̀ Faransé tí à ń pè ní RFI ní ìròyìn oníṣẹ́jú mẹ́wàá kan, Journal en français facile, tí wọ́n ń fi Faransé tí ó rọrùn kà, tí wọ́n sì ń kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sílẹ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ lè máa fojú bá a lọ bí etí rẹ̀ ti ń gbọ́ ọ. TV5Monde ní ìdánrawò láti orí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ títí dé ìpele B2. Àwọn ẹ̀kọ́ àtijọ́ tí Foreign Service Institute ṣe fún àwọn aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà wà níbẹ̀, ti ìwé ti ohùn. Duolingo, tí wọ́n ṣí fún gbogbo ayé ní ọdún 2012, sọ ẹ̀kọ́ di eré. Ẹni tí ó bá dúró ti ọ̀kan nínú wọn lójoojúmọ́, kò ní pàdánù. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí ìyẹn.

Ṣùgbọ́n ta ni ọ̀fẹ́ yìí wà fún? Dátà kì í ṣe ọ̀fẹ́. Iná kì í ṣe ọ̀fẹ́: ọ̀pọ̀ ọdún ni gúúsù ìpínlẹ̀ Òǹdó, títí kan Ìlàjẹ, lò láìrí iná ìjọba, tí ó jẹ́ pé ẹni tí ó fẹ́ fi iná sí fóònù rẹ̀ yóò wá owó epo jẹnẹrétọ̀. Ọmọ tí ó fi owó oúnjẹ ra dátà kò kọ́ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni ohun tí a kò sanwó rẹ̀, ọwọ́ ẹni tí ó ni ín ni kọ́kọ́rọ́ wà. Livemocha, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi kọ́ èdè láìsan kọ́bọ̀ láti ọdún 2007, ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa ní ọdún 2016. Nítorí náà ni mo ṣe ń gba akẹ́kọ̀ọ́ níyànjú pé ohun tí ó bá rí lónìí, kí ó gbà á sórí fóònù, kí ó sì dà á kọ sínú ìwé.

Síbẹ̀, èyí kò tó ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà. Gẹ̀ẹ́sì ni Foreign Service Institute fi ṣàlàyé gbogbo ẹ̀kọ́ rẹ̀. Duolingo kò ní ẹ̀kọ́ Faransé kankan fún ẹni tí ó ń ti inú Yorùbá bọ̀. RFI bẹ̀rẹ̀ ètò Hausa ní ọdún 2007, ìlú Èkó gan-an ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ti Yorùbá kò sí. Mi ò bínú sí Hausa. Àwa ni mo bínú sí, nítorí a kò pariwo tó. Báyìí ni ọmọ ọdún mẹ́tàlá, tí Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ṣì ń dà láàmú, yóò fi èdè tí kò tíì gbọ́ dáadáa kọ́ èdè tí kò gbọ́ rárá. Ẹni tí ó fi ọkọ̀ tí ń jò sọdá odò, omi ni yóò máa gbọ́n. Ìgbà wo ni yóò ráyè wa ọkọ̀?

Ẹ jẹ́ kí a wá yẹ àpò ṣòkòtò wa wò. Faransé ní e méjì bí tiwa. “Les”, tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀, àti “lait”, tí í ṣe wàrà: bí a bá fi àkọtọ́ Yorùbá kọ wọ́n, “le” ni ti àkọ́kọ́, “lẹ” ni ti èkejì. Àmì kan ṣoṣo lábẹ́ lẹ́tà ni ó là wọ́n, ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa sì mọ̀ ọ́n. Ẹlẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì a máa fẹ́ fa “le” gùn di “lei”. Faransé ní o àti ọ bákan náà: o ni ti “saute”, tí í ṣe fò, ọ ni ti “sotte”, tí í ṣe òmùgọ̀ obìnrin. Ẹ wá wo fáwẹ̀lì àránmúpè, tí ó ń fi ojú ẹlẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì rí màbo. “Bon”, tí í ṣe “dára”, ni a ń gbọ́ ní ìparí “ìbọn”. Ìparí “bien” kò jìnnà sí ìparí “ìyẹn”. Láti orí ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ni ọmọ wa ti ń fi imú pe irú ìró wọ̀nyí.

Ti Ìlàjẹ tilẹ̀ tún lé kún un. Ìró gh wà nínú ẹ̀ka-èdè wa, ní ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí Yorùbá àjùmọ̀lò ti ń lo w. Ẹ̀yìn ẹnu ni a ti ń pè é, pẹ̀lú èémí tí ń ha ibẹ̀ kọjá. Ìró r àwọn ará Paris, ẹ̀yìn ibẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n ti ń pè é, bákan náà ni èémí rẹ̀ sì ń ha kọjá. Ọmọ tí wọ́n fi gh rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ ní Èkó pé ará oko ni, òun gan-an ni r Faransé yóò rọ̀ lẹ́nu jù.

Ìró nìkan kọ́. Yorùbá àjùmọ̀lò tí a ń kọ́ ní ilé-ìwé mọ̀ pé ẹgbẹ́ ẹni ni “o”, àgbà ni “ẹ”, àwọn púpọ̀ náà sì ni “ẹ”. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni “tu” àti “vous” rí. Ìwé tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ní láti ṣàlàyé rẹ̀ gbọọrọ, torí “you” kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì ní. Nínú ọjà, ẹja ni a kọ́kọ́ ń dárúkọ kí a tó sọ irú èyí tí ó jẹ́: ẹja tútù. Faransé ní “poisson frais”. Ẹja ni “poisson”, tútù ni “frais”, “frais” yìí sì ń jẹ́ ohun tí kò gbóná àti ohun tí kò tíì bàjẹ́, bí “tútù” tiwa ti ń jẹ́ méjèèjì. Gẹ̀ẹ́sì ni ó yí ètò náà padà. Bí alájàpá bá ka ẹja dé ọgọ́rin, ogún mẹ́rin ni ó kà. Faransé ní “quatre-vingts”: ogún mẹ́rin! Àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì a máa fi ìyẹn rẹ́rìn-ín; lójú tiwa, ìṣirò ìyá àgbà ni.

Mi ò sọ pé gbogbo rẹ̀ dùn bí oyin. A kò ní ìró u tí ó wà nínú “tu”, a kò ní v, a kò ní z. Akọ àti abo inú ọ̀rọ̀ orúkọ yóò mú wa làágùn, nítorí “ó” kan náà ni a ń lò fún ọkùnrin, obìnrin àti àga. Ní ti ọ̀rọ̀ inú ìwé, Gẹ̀ẹ́sì yóò ràn wá lọ́wọ́ púpọ̀: “question” àti “nation” kò yàtọ̀ ní kíkọ. Kí Gẹ̀ẹ́sì wá gẹ́gẹ́ bí olùrànlọ́wọ́, kí ó má ṣe dúró bí oníbodè.

Ẹni tí ó bá ń bẹ̀rù pé Yorùbá yóò da ọmọ lọ́pọlọ rú, kí ó rántí Ilé-Ifẹ̀. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ, títí kan inú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí a fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ó kéde pé òun ti fagi lé e, Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa lò. Ọdún mẹ́ta péré! Àgbẹ̀ tí ó gbin iṣu lánàá tí ó hú u wò lónìí, ta ni ó fẹ́ kí ó ta?

Àwọn kan yóò ní, “Ṣebí àwọn ará Áfíríkà ń lé Faransé lọ?” Òótọ́ ni pé Mali yọ ọ́ kúrò ní ipò èdè ìjọba nínú ìwé òfin rẹ̀ ní ọdún 2023, Niger náà sì fi Hausa ṣe èdè orílẹ̀-èdè ní ọdún 2025, tí ó fi Faransé sí ipò èdè iṣẹ́. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ kò jẹ́ pé kí a má kọ́ Faransé. Ohun tí mo rí ni pé èdè ẹni ni ó yẹ kí ó jókòó lórí àga, kí ti àlejò jókòó lórí àpótí. Ohun tí mo ń bèèrè nìyẹn.

Kí ni ṣíṣe? Olùkọ́, ẹ má dúró de ìwé láti Àbújá. Ẹ kọ ojú ìwé kan lọ́sẹ̀: ìró Faransé mẹ́wàá pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó bá wọn dọ́gba, gbólóhùn mẹ́wàá ti ọjà, ti ọkọ̀, ti àwọ̀n, ti ilé ìwòsàn. Ẹ tẹ́ ẹ síwájú kíláàsì. Fóònù kan ṣoṣo tí ó ti gba ìròyìn RFI sínú tó fún ogójì ọmọ láti gbọ́. Akẹ́kọ̀ọ́, pín ojú ìwé rẹ sí méjì, Faransé lápá kan, Yorùbá lápá kejì. Kí o sì rántí pé a ní ìbátan. Láti ọdún 1889, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fi ààlà la ilẹ̀ wa, ni Kétu, Pọ́bẹ̀ àti Ṣábẹ̀ẹ́ ti wà ní apá kejì. Yorùbá ni èdè ilé wọn, Faransé ni ti ilé-ìwé wọn. Kò sí olùkọ́ tí ó dára ju ọmọ Kétu kan lọ, tí yóò fi Yorùbá ṣàlàyé Faransé fún ọ lórí fóònù, tí ìwọ náà yóò sì fi Yorùbá ṣàlàyé Gẹ̀ẹ́sì fún un. Ilé-ìwé wa àti tiwọn ni kí ó kọ lẹ́tà síra wọn.

Ìtàn wa pàápàá, ẹnu ọ̀nà Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbà dé Paris. Amos Tútùọlá kọ The Palm-Wine Drinkard ní Gẹ̀ẹ́sì, ó jáde ní London ní ọdún 1952. Ní ọdún 1953 ni Raymond Queneau túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n títí di ìgbà wo ni a óò máa gba ilé onílé kọjá kí a tó dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò wa? Ọmọ kan wà ní Òde Ugbò lónìí tí ó lè mú ìwé Fágúnwà lọ tààrà láti inú Yorùbá sínú Faransé, bí a kò bá kọ́kọ́ kọ́ ọ láti máa tijú ẹnu tí ó fi ń sọ̀rọ̀. Olùkọ́, ọwọ́ yín ni ọmọ náà wà.