Ọkọ̀ ojú omi ni àbí ìdọ̀tí ìlú? Ìjà àwọn dókítà lórí ibà pọ́njú

Títí di òní, ẹnu àwọn onímọ̀ kò tíì kò lórí ibi tí àrùn Kòrónà tó bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 2019 ti ṣẹ̀ wá. Irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe tuntun. Lọ́dún 1793, ibà pọ́njú ṣọṣẹ́ ní Philadelphia, tó jẹ́ olú-ìlú Amẹ́ríkà nígbà náà. Nínú nǹkan bí 50,000 èèyàn tó ń gbé ibẹ̀, nǹkan bí 5,000 ló bá a lọ.

Dókítà Benjamin Rush, ọ̀kan lára àwọn tó buwọ́ lùwé òmìnira Amẹ́ríkà, ní kọfí jíjẹrà tí wọ́n dà sí èbúté ló ba afẹ́fẹ́ ìlú jẹ́. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ìlú náà ta kò ó, wọ́n ní ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti West Indies ló gbé e wọlé. Ọ̀rọ̀ owó wà nídìí rẹ̀ o: bó bá jẹ́ ọkọ̀ ni, wọn yóò máa dá ọkọ̀ dúró, ọjà yóò sì dá, bó bá jẹ́ ìdọ̀tí, orúkọ ìlú ti bàjẹ́ nìyẹn.

Èyí tó dunni jù ni pé Rush tún kéde pé ibà náà kì í mú àwọn aláwọ̀ dúdú. Absalom Jones àti Richard Allen, tí wọ́n ti ṣe ẹrú rí, wá kó àwọn èèyàn wọn jáde láti tọ́jú aláìsàn, kí wọ́n sì máa sin òkú. Ọ̀rọ̀ Rush kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àwọn dúdú tí wọ́n sin níbẹ̀ lọ́dún 1792 jẹ́ 67. Lọ́dún 1793, wọ́n di 305. Dípò ọpẹ́, òǹtẹ̀wé kan, Mathew Carey, kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn kan nínú wọn jalè, wọ́n sì gba owó gegere. Lọ́dún 1794 ni Jones àti Allen fi ìwé tiwọn fèsì.

Ẹ̀fọn ló wà nídìí gbogbo rẹ̀. Dókítà Carlos Finlay sọ bẹ́ẹ̀ ní Cuba lọ́dún 1881, wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́, àfìgbà tí ikọ̀ Walter Reed fìdí rẹ̀ múlẹ̀ lọ́dún 1900. Ọkọ̀ gbé àrùn wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi tó dúró sínú àgbá láàárín ìlú ni ẹ̀fọn ti ń pamọ. Ìlàjì òótọ́ ni ìhà kọ̀ọ̀kan dì mú.

Ní Nàìjíríà, ibà yìí tún yọjú ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, ìpínlẹ̀ Kwara, lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2017. Kò tíì sí oògùn tó ń pa kòkòrò rẹ̀ lára ẹni tó bá ti mú, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo péré sì ti tó ọ̀pọ̀ èèyàn títí ọjọ́ ayé wọn.